Ìlù Tí Bàámi Kò Fẹ́ Gbọ́

Bí wọ́n bá bi mí ní Manchester pé níbo ni mo ti kọ́ ìlù, Okoko ni mo máa ń sọ. Wọ́n á ní níbo nìyẹn. Màá ní ó wà lójú ọ̀nà Badagry, tí èèyàn bá ti kọjá Ìyànà Ìbà. Wọ́n á mi orí bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. Irọ́ ni, wọn ò mọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n mi ò kì í bá wọn jà, torí kí èmi náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Manchester tí mo mọ̀ kò ju bọ́ọ̀lù lọ.

Onílù ni mí. Orin jáàsì ni mò ń lù ú sí, ìlù ńlá tí èèyàn ń jókòó sáàárín ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, tó ń fi ọ̀pá lu ìyókù pẹ̀lú àwọn àwo idẹ. Òun ni mo fi ń jẹun lónìí, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi láìwẹ̀yìn. Ìgbà kan wà tí mi ò lè sọ ọ́ sétí bàbá tó bí mi lọ́mọ, torí ìlù yìí gan-an ló jẹ́ kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Pánẹ́ẹ̀bítà ni Bàámi. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Okokomaiko tí a ń pè ní Okoko, níbi tí ọkọ̀ tó bá fẹnu gbá nǹkan ti ń wá tún ojú ṣe. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, òòlù ni wọ́n ń gbá mọ́ irin. Tó bá di Sọ́ńdè, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ sútánà, wọ́n á di olùdarí orin ní ìjọ aláṣọ funfun wa. Ká má parọ́, ohùn Bàámi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé orin, arọ pàápàá á fẹ́ dìde.

Àwọn náà ni wọ́n fi mí sídìí ìlù. Ẹni tó ń lù ú fún wa tẹ́lẹ̀ ríṣẹ́ sí apá Ọ̀tọ̀-Àwórì, kò ráyè wá mọ́. Èmi sì rèé, mo ti ń lu gbogbo ohun tó wà nílé wa, títí kan orí àbúrò mi. Àwọn alàgbà kan yọ́ ọ sọ pé obìnrin kẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá ọkùnrin. Bàámi ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lù jù mí lọ bọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Bàámi wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Àdéhùn kan wà láàárín wa o. Ọwọ́ tó ń lùlù fún Ọlọ́run kì í lùlù nílé ọtí.” Mo ní, “Mo gbọ́ sà.” Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlù fún, kí ni kò ní gbọ́?

Nǹkan kan tí mo kọ́ nídìí ìlù yẹn rèé. Tí ẹ̀mí bá gbé èèyàn nínú ìjọ wa, tó ń jó, tójú ẹ̀ pa dé, onílù ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bó ṣe ń lọ sókè lo máa bá a lọ. Ìgbà tó bá lajú ni ìlù tó dúró. Tó o bá já a jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó lè ṣubú, ọrùn ẹ sì ni gbogbo alàgbà á so ó mọ́. Mo ti lùlù fún ìyá kan rí tí apá mi fẹ́ẹ̀ já kúrò lára mi, kò sẹ́ni tó ní kí n sinmi.

Bí mo ṣe dé Manchester, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì lọ á rí i.

Gbogbo èèyàn ló kìlọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìdákẹ́jẹ́ fún mi. Nílé tí mo gba yàrá sí, a pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ èèyàn á rò pé àgọ́ àwọn odi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí níbẹ̀, mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe bí mi ire. Ìyá rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, mo ní yẹtí mi ló bọ́. A wá yẹtí títí.

Ibi ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ríṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì, bó o bá ká èyí tán, òmíràn ti dé. Ooru inú ibẹ̀ dà bíi ti Okoko, ìyẹn nìkan ló sì jọ Okoko nínú ẹ̀. Mo wá ìjọ aláṣọ funfun lọ, mo rí i, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n onílù ti kún ibẹ̀, wọ́n ń tò dúró de àyè. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n fún mi ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èmi, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Mo gbọ̀n ọ́n torí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi.

Ọwọ́ tó ń yún mi yìí ni Marta rí. Ará Poland ni, a jọ ń ká aṣọ lórí tábìlì kan náà. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé mi ò lè rí tábìlì kí n má lù ú. Ó ní ilé ọtí kan wà nítòsí ilé òun, tí àwọn olórin máa ń kó ohun èlò wọn wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè gorí ìjókòó. Mo ní ilé ọtí kẹ̀? Ó ní ṣé mosálásí ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é ni.

Mo lọ. Mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rántí Bàámi, mo sì wọlé. Ebi ìlù ń pa mí ni, ebi sì burú.

Àwọn olórin tó wà níbẹ̀ ń sáré bá orin kan lọ, ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ń fun fèrè sasofóònù níwájú wọn. Clive lorúkọ ẹ̀, ọmọ àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n bí síbẹ̀. Nígbà tí onílù wọn fẹ́ lọ mu nǹkan, Marta tì mí. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, torí mi ò fi bàtà tẹ ìlù rí láyé mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Clive kàn wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ṣé o ti ṣe tán?” Mo ní, “Mo ti ṣe tán, sà.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dùn. Ẹ gbọ́, ó dùn. Kò pẹ́ ni Clive pajú dé, ó tẹ̀ síwájú, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, fèrè ń ké. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀mí ti gbé bàbá. Mo bá tẹ̀lé e. Ó lọ sókè, mo lọ sókè. Mi ò mọ̀ pé ní jáàsì, oníkálukú ní ìwọ̀n tiẹ̀, pé tó o bá ti fun tìẹ tó, wàá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹlòmíràn. Clive fẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ fèrè lẹ́nu, ó ń mi orí sí mi. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì wà ní pípadé! Ṣé ẹni tójú ẹ̀ pa dé ni màá fi sílẹ̀? Mo tún fi iná sí i. Ó ní láti ki fèrè bọnu padà. Ẹni tó ń ta gìtá béèsì ń pariwo nǹkan kan sí mi, mi ò dá a lóhùn. Àwọn tó ń mutí ti dìde lórí àga. Bàbá fun fèrè títí òógùn fi bò ó, títí ó fi lajú gbàgà tó wò mí. Bó ṣe lajú ni mo dákẹ́ wẹ́lo.

Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bú jáde, ṣùgbọ́n oní-béèsì ti gbé ohun èlò ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ nibí o, àbúrò. Lọ kọ́ orin kó o tó padà wá.” Clive jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Inú mi sì tún ń dùn, àfi bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé oúnjẹ lẹ́yìn tó ti yó.

Mi ò mọ irọ́ í pa fún Màámi. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n bi mí ohun tí mo ṣe ní Sọ́ńdè, mo sọ ọ́.

“Ibi tí wọ́n ti ń ṣe kí ni?” Màámi bi mí.

“Ibi tí wọ́n ti ń mutí, Màámi.”

Mo gbọ́ tí Bàámi wúkọ́ lẹ́yìn Màámi, ikọ́ tí mo mọ̀ dáadáa, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Màámi ní, “Bàbá ẹ ti jáde.” Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti pe ilé, Bàámi á ti jáde ni. Wọ́n á máa wẹ̀, wọ́n á wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa sùn. Nígbà míì màá máa gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn Màámi, wọ́n ń bá aládùúgbò jiyàn lórí iná ìjọba, Màámi á sì máa sọ fún mi pé wọn ò sí nílé.

Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà nílé bá ti ń tilẹ̀kùn nígbà tó bá gbóhùn ẹ ńkọ́, ilé wo lo fẹ́ padà sí? Ní Manchester wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Ní Okoko, bàbá mi ò fẹ́ mọ ibi tí mo wà.

Mo lè fi ìlù sílẹ̀, kí Bàámi sì tún máa dá mi lóhùn. Màámi bẹ̀ mí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ ní kí n gé ọwọ́ mi, ó máa rọrùn fún mi jù.” Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lára mi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí Bàámi gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n bá ní ó burú, ó parí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́.

Mo padà sí ilé ọtí yẹn. Ẹni tó bá rò pé wọ́n lè lé mi kò tíì mọ ọmọ pánẹ́ẹ̀bítà. Mo ń jókòó sí igun kan, mò ń mu omi ọsàn, mò ń wo ọwọ́ onílù wọn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin, ibi tí wọ́n ti ń yà, ibi tí wọ́n ti ń padà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ̀ wáyà ra awọ ìlù lójú bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn ọmọ. Wọ́n tún jẹ́ kí n gun ìjókòó, mi ò sì ṣàṣìṣe mọ́. Oní-béèsì náà ti ń kí mi. Ìlù mi wá mọ́ tónítóní, ó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ tán, tí kò sí oúnjẹ nínú ẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àìsàn ti dá Clive dúbúlẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó jókòó gbọ́ mi. Mo lù tán, ó pè mí.

“Ṣé ìwọ yẹn kọ́ lo pa mí lọ́jọ́sí?”

“Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, mi ò tíì mọ òfin nígbà yẹn.”

“Ní báyìí ńkọ́?”

“Mo ti mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa. Ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ dúró, o ò jẹ́. Mo bínú débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo délé, mo jókòó, mo wá rí i pé ibi tó o gbé mi dé, mi ò débẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń fun fèrè. Ta ló kọ́ ẹ ní irú ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé ìjọ wa fún un, àti ẹni tójú ẹ̀ pa dé, àti Bàámi. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ń kó ẹgbẹ́ tuntun jọ, òun ń wá onílù tí kò ní fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì mọ ibi tí orin ti ń yà. Ó ní àwọn tó mọ ọ̀kan nínú méjèèjì pọ̀ ní Manchester. Ẹni tó mọ méjèèjì ni òun ò rí.

Bí mo ṣe bọ́ sí ẹgbẹ́ Clive nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ àárọ̀, mo ń lọ dánrawò lọ́sàn-án, apá mi ò mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún mọ́. Nígbà tó yá, gbọ̀ngàn wá ń tóbi sí i. A lọ sí London, a lọ sí Paris, a lọ sí ìlú tí mi ò lè pe orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ ògiri lójú títì nítòsí òtẹ́ẹ̀lì wa, Marta ló wá fà mí jáde lẹ́nu iṣẹ́ kí n wá wò ó. Ó ń dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń sọ èdè Poland. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi iṣẹ́ aṣọ kíká sílẹ̀. Mo yọ̀ débi pé mo jó jáde ní ibi ìfọṣọ, ọ̀gá wa pàápàá sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé onílù láti Manchester. Mo kà á, mo tún un kà. Ó dùn mọ́ mi, ó sì ń ta mí díẹ̀díẹ̀, bí léébù aṣọ tuntun lọ́rùn.

Mo pe ilé lọ́jọ́ náà. Màámi wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàámi, mò ń gbọ́ òòlù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta, mo pariwo, “Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o!” Òòlù dúró. Mo ń retí. Òòlù tún bẹ̀rẹ̀. Màámi ní, “Mo ti bá a sọ ọ́ títí. Mo ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ó ní òun ò na ẹnì kankan.”

Nígbà tí wọ́n ní ká wá ṣeré l'Ékòó, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Island ni wọ́n mú. Mo sọ fún Clive pé màá lù ú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká tún ṣe ọjọ́ kan ní Ìbà nítòsí Okoko, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan tí mo mọ̀. Kó jẹ́ ọ̀sán, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ọtí má wọbẹ̀, omi àti míníràlì nìkan. Ó wò mí, ó ní ṣé torí bàbá mi ni. Mo ní torí wọn ni. Ó ní, “Ṣé á wá?” Mo ní mi ò mọ̀.

Bí mo ṣe délé, Màámi gbá mi mọ́ra títí mi ò fi lè mí. Bàámi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá wọn níbẹ̀. Orí wọn ti funfun, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti rin, mo ní, “Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ sà.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ o.”

Ẹ. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kí mi bí wọ́n ṣe ń kí kọ́sítọ́mà tó gbé ọkọ̀ wá. Mo ní, “Ọ̀la la fẹ́ ṣeré ní Ìbà, sà. Kò sí ọtí níbẹ̀.” Wọ́n padà sídìí irin wọn. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ará àdúgbò, àwọn mẹ́káníìkì, àwọn ìyá ìjọ wa kan tí wọ́n wọ ìró àti bùbá, àwọn tó kàn rí èrò tí wọ́n yà wọlé. Mo fi ojú wá Bàámi kiri, mi ò rí wọn. A bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n má wo ẹnu ọ̀nà mọ́, kí n má bàa ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wò ó, mo sì rí wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà.

Clive pajú dé. Mo tẹ̀ lé e. Mo mọ gbogbo ibi tí orin yẹn ti ń yà, mi ò sì jẹ́ kó yà níbì kankan. Mo gbé bàbá arúgbó yẹn lọ sókè, mo gbé e kọjá ibi tí a máa ń dé ní Paris. Ìyá kan bọ́ síwájú, ó ń jó. Òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo ìbínú mi, gbogbo ìpè tí wọn ò dáhùn, gbogbo aṣọ tí mo ká, mo lù ú jáde. Inú mi dùn débi pé mi ò bẹ̀rù ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ mọ́, Bàámi pàápàá.

Nígbà tí Clive lajú, mo dúró. Gbọ̀ngàn hó. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń pe ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, “Ẹ tún pàtẹ́wọ́ fún onílù wa tó wá láti ìlú òyìnbó, ọmọ Manchester!”

“Irọ́ ni.”

Ohùn tí ó wá látẹnu ọ̀nà kò nílò ẹ̀rọ kankan. Gbogbo orí yí padà. Bàámi ti wọlé pátápátá, wọ́n ń bọ̀ láàárín èrò, èrò sì ń yà fún wọn.

“Ọmọ Okoko ni,” wọ́n ní. “Èmi ni mo bí i.”

Olùpètò ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀.” Ó na ẹ̀rọ sí wọn. Bàámi ò gbà á. Wọ́n dúró síwájú ìlù mi, wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọn ò sì bìkítà ẹni tó ń wò wọ́n.

“Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi,” wọ́n ní. “Ẹ ní kó tún un lù. Mo pẹ́ kí n tó dé.”